Àlejò Kékeré Nínú Agbọ̀n Òwú

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, ẹ má kánjú. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gùn, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ méjì la mú wá. Ọ̀kan jẹ mọ́ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ hun òwú wúlù, àwọn tó ń hun fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ àti súẹ́tà. Èkejì jẹ mọ́ ọmọ ẹranko tó wọ ilé ẹni láìjẹ́ pé a pè é. Ẹ lè bi wá pé: kí ló pa méjèèjì pọ̀? Ooru ló pa wọ́n pọ̀. Ibi tó móoru, tó sì rọ̀, ni ìyá ológbò máa ń wá nígbà tó bá fẹ́ bímọ, tàbí nígbà tó bá ń kó ọmọ rẹ̀ kiri. Ó lè jẹ́ àpótí aṣọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀bá ààrò tí iná rẹ̀ ti kú. Bí obìnrin kan bá ń hun wúlù nínú ilé, agbọ̀n òwú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wu ológbò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń hun wúlù. Kì í ṣe bí aṣọ òfì. Lórí òfì, òwú pọ̀: àwọn kan nà gbọọrọ, àwọn kan ń gba àárín wọn kọjá. Ti wúlù kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń hun ún á fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì ká òwú náà bí ojóbó kékeré. Á fa òwú gba inú ojóbó náà, ojóbó tuntun á sì yọ. Ojóbó nínú ojóbó, ìlà lórí ìlà, títí yóò fi di fìlà. Ìdí nìyí tí fìlà wúlù fi ń fẹ̀ bí ẹ bá fà á, tó sì ń sún kì bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí ojóbó kan bá já, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè tú lójú ẹni.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Wọ́n ti rí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n hun báyìí ní ilẹ̀ Íjíbítì, tó ti lo ọdún 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé oòrùn Íjíbítì kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ àwọn ará ilẹ̀ òtútù nìkan ni, kò mọ ìtàn rẹ̀.

Kí ló ń mú kí wúlù móoru? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wúlù fúnra rẹ̀ ló gbóná. Rárá o. Ẹ gbé fìlà wúlù sórí òkúta ní òru ọyẹ́, kí ẹ lọ fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Tútù ni ẹ ó bá a. Aṣọ kì í dá ooru. Ara ẹ̀dá alààyè ló ń dá ooru. Ohun tí aṣọ ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ooru ara tètè sá lọ. Àwọn ojóbó kéékèèké inú wúlù kún fún afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn dúró sójú kan, kò rìn. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá. Ṣùgbọ́n bí wúlù náà bá rin gbingbin, omi á lé afẹ́fẹ́ jáde, òtútù á wọlé.

Ohun kan tún wà. Ẹ da omi gbígbóná sínú ìkòkò ńlá, kí ẹ da díẹ̀ sínú ife kékeré. Èwo ni yóò kọ́kọ́ tutù? Ife kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá rí. Erin kì í tètè tutù. Ọmọ tuntun, ọmọ ológbò, ọmọ adìyẹ, kíá ni ooru ń sá kúrò lára wọn.

Ọmọ tuntun ni ká kọ́kọ́ sọ. Orí ọmọ tuntun tóbi. Bí ẹ bá wọn ọmọ láti àtàrí dé gìgísẹ̀, orí nìkan á kó bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ooru ara rẹ̀ lè gba orí jáde bí orí bá wà ní ìhòòhò, pàápàá bí irun bá ṣì tutù. Ọmọ tí kò tó kílò 2 àbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i kò ní ọ̀rá tó lábẹ́ awọ. Òtútù oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gba Kétu àti Pobè kọjá, lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn kan ṣe é.

Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey Sanabria ń wo àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru kò tó. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ń pín ẹ̀rọ kan, àìsàn sì ń ran láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ó wá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sí àyà, láàárín ọmú méjèèjì, kí awọ kan awọ, kí wọ́n fi aṣọ dì í mọ́ra. Ọmọ kò wọ nǹkan kan ju ìtẹ́dìí, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà. Wọ́n sọ ọ̀nà yìí ní orúkọ ẹranko kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní kangaroo. Àpò awọ wà níwájú ikùn ẹranko náà, inú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé títí yóò fi gbó.

Ẹ̀yin ìyá lè sọ pé: àwa ti ń pọn ọmọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn la ń pọn ọn sí, aṣọ sì wà láàárín. Ọmọ tó kéré púpọ̀, àyà ló yẹ kó wà, kí awọ kan awọ, kí imú rẹ̀ wà níbi tí ojú ìyá ti lè rí i, kí ẹnu rẹ̀ sì sún mọ́ ọmú.

Ìwádìí kan jáde ní ọdún 2021. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tàńsáníà. Ní Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí ẹ̀yin náà ti ní ará. Wọ́n mú àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 1 àti gíráàmù 800. Wọ́n gbé àwọn kan sí àyà ìyá wọn láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú àwọn yòókù sọ́tọ̀ títí ara wọn fi mókun díẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Nínú 100 ọmọ tó wà ní àyà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí 12 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, bí 16 ló kú. Ẹ yọ 12 kúrò nínú 16. Mẹ́rin ló kù. Ọmọ mẹ́rin nínú 100 ló yè nítorí àyà ìyá wọn.

Ibẹ̀ ni àwọn ahunwúlù ti wọlé. Fìlà ọmọ kékeré, ìrọ̀lẹ́ kan tó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá láti hun ún. Ní nǹkan bí ọdún 2006 sí 2007, àjọ kan tó ń tọ́jú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, Save the Children, bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n hun fìlà fún ọmọ tuntun ní ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ìyá àgbà, àwọn ọmọ iléèwé, àwọn tó wà nínú ilé ìjọsìn, gbogbo wọn mú abẹ́rẹ́. Fìlà tí wọ́n rí gbà pọ̀ débi pé àpótí kò gbà á. Kò sí ẹni tó sanwó fún wọn. Wọn kò mọ ìyá ọmọ náà. Wọn kò ní rí ọmọ náà láéláé.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin kan bá mọ wúlù hun nínú agbo ilé, ta ni kì í retí fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ? Wọ́n á ní, “Ìyá Ṣadé, ẹ má gbàgbé tiwa o.” Kò sì sí ẹni tó ń bi í pé èló ni òwú. Òwú kì í jáde láti inú ilẹ̀. Ọjà ni wọ́n ti ń fi owó sẹ́fà rà á. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ fìlà, kí ó kéré tán gbé òwú wá. Ìka ọwọ́ obìnrin náà ti tó ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Phillip Island, ẹyẹ kan wà tí kì í fò. Pẹngúìn ni wọ́n ń pè é. Òkun ló ń wọ̀ lọ wá ẹja. Irú èyí tó wà níbẹ̀ kéré, kò ju bí àkùkọ kékeré lọ, bí kílò kan ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ nípọn, afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ nípa wúlù. Omi kì í kan awọ ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, epo rọ̀bì máa ń dà sínú òkun láti inú ọkọ̀ ojú omi. Epo náà á lẹ ìyẹ́ ẹyẹ náà pọ̀, afẹ́fẹ́ á jáde, omi tútù á kan awọ. Ẹyẹ náà á wá máa fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, á sì gbé epo mì. Májèlé ni. Bí òtútù kò bá pa á, epo á pa á.

Àwọn olùtọ́jú ẹyẹ náà ronú ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí àwọn ahunwúlù hun súẹ́tà fún ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, súẹ́tà, tó ní ihò fún ọrùn àti ihò fún ìyẹ́ apá méjèèjì. Súẹ́tà náà mú ẹyẹ móoru, kò sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan epo, títí yóò fi lágbára tó kí wọ́n lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ní ọdún 2001, epo dà lé pẹngúìn 438 lórí níbẹ̀. Nínú gbogbo 100, 96 ló yè. Lára àwọn tó hun súẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni baba kan, Alfred Date, tí wọ́n bí ní ọdún 1905. Ó ti pé ẹni ọdún 109 nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tàn káyé pé ó ń hun súẹ́tà ẹyẹ. Ó kú ní ọdún 2016. Ọkùnrin ni o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni wúlù, ẹ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ènìyàn láti gbogbo ayé gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n sì ń fi súẹ́tà ránṣẹ́ títí ó fi pọ̀ ju ẹyẹ lọ. Wọ́n wá ń wọ ìyókù fún pẹngúìn ìṣeré, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ tọ́jú ẹyẹ. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí iná igbó ńlá jó ní Ọsirélíà. Àwọn ọmọ kangaroo pàdánù ìyá wọn, wọ́n sì ń fẹ́ àpò tí wọ́n lè sùn sí. Ahunwúlù àti aránṣọ gbogbo ayé dìde. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó bẹ̀bẹ̀ fún àpò ní láti tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró ná, ó ti tó. Ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣí. Ohun tó kù ni pé kí ẹni tó fẹ́ fúnni kọ́kọ́ béèrè: kí lẹ fẹ́, mélòó lẹ fẹ́, báwo ni kó ṣe tóbi tó?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí agbọ̀n òwú wa. Ẹ ṣí i, ẹ bá ọmọ ológbò níbẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kàn án ná. Ìyá rẹ̀ lè wà nítòsí, ó lè jẹ́ pé eku ló lọ dọdẹ. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé pé lé e lórí. Bí ìyá bá padà, ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ àti omi, kí ẹ jẹ́ kó tọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìyá ológbò tó ń tọ́mọ ń pa eku púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàdo nínú àká, ẹ mọ ohun tí eku ń ṣe. Àlejò tó wá láìpè yìí, ó lè sanwó oúnjẹ rẹ̀.

Bí ìyá kò bá padà, tí ọmọ náà ń ké, tí ara rẹ̀ sì ti tutù, ẹ má dúró mọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ojú bá ṣì dì, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Eyín kì í bẹ̀rẹ̀ sí yọ kí ó tó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan kò lè fúnra rẹ̀ mú ara rẹ̀ móoru dáadáa.

Kí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe? Wọ́n á sáré da wàrà sí i lẹ́nu. Ohun tó ń pa á nìyẹn. Ọmọ ológbò tí ara rẹ̀ tutù kò lè da oúnjẹ, kò sì lè gbé e mì dáadáa. Wàrà náà á gba ọ̀nà èémí lọ. Ooru ni kó ṣáájú, oúnjẹ ni kó tẹ̀ lé e.

Ẹ rántí ohun tí a sọ: aṣọ kì í dá ooru. Bí ẹ bá fi wúlù we ọmọ ológbò tó ti tutù, tí ẹ sì gbé e sílẹ̀, tútù ni yóò wà nínú wúlù náà. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi tí ooru ti ń wá. Ẹ da omi gbígbóná, kì í ṣe èyí tó ń hó, sínú ìgò. Ẹ dé e dáadáa. Ẹ fi aṣọ wé ìgò náà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú agbọ̀n tàbí páálí. Ẹ gbé ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àyè sì wà kó lè rìn kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Bí ìgò bá tutù, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí kò bá sí ìgò, ẹ gbé e sí àyà yín lábẹ́ aṣọ, bí àwọn ìyá Bogotá ti ṣe. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ wá oúnjẹ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní agbo ilé àti ní àdúgbò: ta ni ológbò rẹ̀ bímọ láìpẹ́? Ìyá ológbò sábà máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ tirẹ̀. Ìyẹn ló dára jù. Wàrà màlúù, yálà ti inú agolo tàbí ti ọwọ́ Fúlàní, ó sábà máa ń mú ọmọ ológbò ṣu omi, ìgbẹ́ omi sì ń tètè pa á. Bí kò bá sí ìyá mìíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ohun tí ẹ lè fún un. Nígbà tí ẹ bá ń fún un, ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀, ikùn rẹ̀ nílẹ̀, bí ìgbà tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ má dá a délẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ ènìyàn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ ti rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rọra nu ìdí rẹ̀, kó lè tọ̀ kó sì yàgbẹ́. Ahọ́n ìyá rẹ̀ ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọ kékeré yẹn kò lè dá a ṣe.

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ dẹrùn. Ẹ gún ẹja gbígbẹ, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ omi tàbí ẹ̀kọ díẹ̀. Ẹyin sísè dára. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò àti ajá jẹ́. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ sínú páálí fún un láti máa yàgbẹ́ sí, kí ẹ máa kó o dànù lójoojúmọ́. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò máa kó o, nítorí àrùn kan lè ti inú ìgbẹ́ ológbò ran ọmọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ológbò sùn lórí ẹní kan náà pẹ̀lú ọmọ jòjòló.

Ọmọ ajá náà, bákan náà ni ìtọ́jú rẹ̀: ooru kọ́kọ́, ìyá mìíràn bí ó bá wà, oúnjẹ lẹ́yìn náà. A sì mọ̀ pé ajá kì í pẹ́ nílé kó tó gba orúkọ, àti pé orúkọ ajá míì jẹ́ òkò tí a sọ sí aládùúgbò. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí le.

Àrùn dìgbòlugi wà. Inú itọ́ ẹranko tó ní i ló ń gbé. Bí ẹranko náà bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó ha á lára, tàbí tó lá ojú egbò rẹ̀, àrùn náà lè wọlé. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn jù, bí 99 nínú 100. Ṣùgbọ́n ológbò náà lè ní i. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí gbogbo ọmọdé ń gbé kiri, òun náà lè ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, tí ẹni náà ń bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé nǹkan mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ṣùgbọ́n ṣáájú kí àmì tó hàn, ìgbàlà wà. Ní oṣù Keje ọdún 1885, ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pasteur fún ọmọ ọdún 9 kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Joseph Meister ni orúkọ ọmọ náà. Ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ ní ibi púpọ̀. Ọmọ náà kò kú. Ó dàgbà. Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé ẹni tí ajá bù jẹ lè yè bó bá tètè gba abẹ́rẹ́.

Kí ni ẹ máa ṣe bí ẹranko bá bu ẹnikẹ́ni jẹ? Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà lójú ẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 15 pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ jẹ́ kí omi máa dà lé e, kí ọṣẹ máa hó. Ẹ má fi ata sí i. Ẹ má fi epo pupa tàbí ewé gígún dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ gbà á tán, bí egbò tilẹ̀ ti jiná. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ so ẹranko náà mọ́lẹ̀ síbi tí kò ti ní bá ènìyàn jà, kí òṣìṣẹ́ ìlera ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ẹ má pa á jẹ. Ẹ má sì torí ọjọ́ 10 yẹn dúró kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Ọmọdé máa ń fi egbò ajá pamọ́. Ó bá ajá onílé ṣeré, ajá bù ú jẹ, ó bẹ̀rù pé ìyá rẹ̀ á na òun. Ó fi aṣọ bò ó. Ọ̀sẹ̀ á kọjá, oṣù á kọjá, ibà á dé. Nígbà náà ni wọ́n á tó mọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má na ọmọ tí ẹranko bù jẹ. Ẹ sọ fún un lónìí, kí ó tó ṣẹlẹ̀, pé bí ajá tàbí ológbò bá fi eyín kàn án, kó sáré wá sọ, kò ní sí ìyà.

Ajá tàbí ológbò tó ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ẹran, kí ẹ sì tún un gbà nígbà tó bá dá. Ẹ béèrè oògùn aràn fún un pẹ̀lú, nítorí aràn inú ọmọ ajá àti ọmọ ológbò lè ran ọmọdé tó ń fi ọwọ́ ilẹ̀ jẹun. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán nínú kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ iye ajá tó wà nílé rẹ̀ àti iye tó ti gba abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ìṣirò tó ní ìtumọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ahunwúlù, ó ku tiyín. Ológbò fẹ́ràn òwú. Á máa fi ọwọ́ gbá a, á máa lé e, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ahọ́n ológbò. Ó ń ha bí ìfagi. Àwọn ẹ̀gún kéékèèké orí rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà ọ̀fun. Bí òwú bá wọ ẹnu rẹ̀, kò rọrùn fún un láti tu ú jáde. Gbígbé ló máa ń gbé e mì. Òwú náà á há síbì kan, ìfun á sì máa gùn ún bí ìgbà tí ẹ fa okùn ṣòkòtò, títí ìfun yóò fi ya. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu rẹ̀ tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á. Bí ẹ bá fà á, ẹ lè gé ìfun nínú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ẹran.

Nítorí náà, agbọ̀n òwú gbọ́dọ̀ ní ìdérí. Bí àánú ológbò náà bá sì ń ṣe yín, ẹ fi àjókù òwú hun aṣọ pẹlẹbẹ kékeré kan fún un, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, tó gbòòrò bí ìdajì apá. Ẹ hun ún kí ó kì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ki gbogbo etí òwú wọ inú rẹ̀, kí ó má sí èyí tó yọ síta. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi gbígbóná. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, nítorí wúlù tútù kì í mú ẹnikẹ́ni móoru.